Ewì Akọni, Ìtàn àti Àwòrán Nínú Àwọn Ìwé Àfọwọ́kọ Ilẹ̀ Páṣíà

Ìfáárà

Àríyànjiyàn lórí ewì akọni kì í ṣe tuntun láàrin àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ruth Finnegan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1970 pé ewì akọni kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Isidore Okpewho fi odidi ìwé kan fèsì ní 1979. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ yọ ní kíláàsì àti nínú ìwé ìdánwò. Ibi tí ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni ti ìtàn. Ṣé ìtàn gidi ni ewì akọni, tàbí àròsọ? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé ìtàn ni, olùṣàyẹ̀wò kan lè gé máàkì rẹ̀. Èyí tí ó bá kọ ọ́ pé àròsọ ni, olùṣàyẹ̀wò mìíràn lè gé tirẹ̀. Ẹjọ́ náà le, nítorí pé orúkọ kan náà, ìtàn, ni èdè wa fún méjèèjì.

Nínú iṣẹ́ yìí, a kò ní dá sí ẹjọ́ ti ilé. Ilẹ̀ Páṣíà, tí à ń pè ní Ìráànì lónìí, ni a fẹ́ yà sí. Níbẹ̀ ni a ti rí ewì akọni tí a mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, tí a mọ ọdún tí ó parí rẹ̀, tí a sì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ kọ, tí wọ́n sì ya àwòrán sí. Bí a bá gbé àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé ìtàn tí wọ́n ṣe ní ìgbà kan náà, a ó rí bí àwọn tó ni ewì náà ṣe ń kà á. Èrò tiwa ni pé àwòrán inú wọn kì í ṣe ẹ̀rí bí ayé àwọn ọba àtijọ́ ti rí. Ẹ̀rí ayé ẹni tó yà á ni, àti ti ohun tí òun àti ọ̀gá tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ gbà pé ewì náà ń sọ fún wọn. Ẹni tí yóò bá gba ẹ̀rí náà kò gbọdọ̀ yọ àwòrán kúrò lára ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dunni ni pé wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kúrò lára ọ̀rọ̀ náà, fún owó.

Firdawsi àti Ìwé Àwọn Ọba

Firdawsi, ọmọ agbègbè Tus ní Khurasan, ni ó kọ Shahnama, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ìwé Àwọn Ọba. Ó parí rẹ̀ ní 1010. Nǹkan bí 50,000 ìlà ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kà méjì, ẹ̀kà kọ̀ọ̀kan ní sílébù 11, ìparí ẹ̀kà méjèèjì a sì máa dún bákan náà. Ìwọ̀n kan ṣoṣo yìí ni ó gbé ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Orí Gayumars ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ọba àkọ́kọ́ láyé, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé orí òkè, tí wọ́n ń fi awọ ẹkùn bora. Ó gba orí Rustam kọjá, akọni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa Suhrab ọmọ rẹ̀ lójú ìjà láìmọ̀ pé ọmọ òun ni. Ó parí sórí Yazdgird Kẹta, ọba tó kẹ́yìn nínú ìdílé Sasani, ẹni tí wọ́n pa ní 651 lẹ́yìn tí àwọn Lárúbáwá ti ṣẹ́gun ilẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó lè fi ọdún sí ìgbà Gayumars. Ọdún ikú Yazdgird sì wà lákọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Shahnama kò sí odi láàrin àwọn méjèèjì. Ìwọ̀n kan náà ni a fi kọ wọ́n, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ara wọn bí ọba ti ń jẹ lẹ́yìn ọba.

Firdawsi kò hun ìtàn náà láti inú orí ara rẹ̀. Ní 957 ni wọ́n ti ṣe àkójọ ìtàn àwọn ọba ní ọ̀rọ̀ wuuru fún Abu Mansur, tí ó jẹ́ gómìnà Tus, Firdawsi sì lo iṣẹ́ náà. Akéwì kan tó ń jẹ́ Daqiqi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di ewì kí ẹrú rẹ̀ tó pa á. Nǹkan bí 1,000 ìlà tí Daqiqi fi sílẹ̀ ni Firdawsi kó sínú tirẹ̀. Kò fi orúkọ ẹni náà pamọ́. Ó sọ ọ́ gbangba pé ti Daqiqi ni àwọn ìlà náà, ó sì fi kún un pé wọn kò dùn tó. Ìwà òótọ́ ni, bí ó tilẹ̀ mú ìgbéraga díẹ̀ lọ́wọ́. Ó wù wá kí àwọn tó ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn láàrin wa máa ṣe ìdajì rẹ̀.

Ọba Mahmud ti Ghazna ni ó gbé ìwé náà fún. Ìtàn tí àwọn ará Páṣíà fẹ́ràn láti máa sọ ni pé dípò wúrà tí ó ń retí, 20,000 owó fàdákà ni Mahmud fún un. Inú bí Firdawsi, ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó wẹ̀, ó mu ọtí, ó sì pín owó náà fún ẹni tó wẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó ta ọtí fún un. Nígbà tí ó pẹ́, ọba ronú pìwà dà, ó di ẹrù aró tí iye rẹ̀ tó 60,000 owó wúrà ru ràkúnmí, ó fi ránṣẹ́ sí i. Bí ràkúnmí ti ń wọ ìlú Tus láti ẹnubodè kan ni wọ́n ń gbé òkú Firdawsi jáde láti ẹnubodè kejì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò gba ẹrù náà. Nizami Aruzi ni ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún kejìlá, ẹni tí ó sọ pé òun dé ibojì akéwì náà ní nǹkan bí 1116. Ó ti ju 90 ọdún lọ nígbà náà tí akéwì ti kú. A kò kọ ìtàn náà sílẹ̀ tí a bá bi wá, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé àti akéwì ni o, àti ọba ni o, àwọn méjèèjì ti di ènìyàn inú ìtàn báyìí. A ó tún bá Mahmud pàdé níwájú.

Ẹ̀dà Shahnama tí ó lọ́jọ́ lórí jù tí a mọ̀ ni èyí tí ó wà ní ìlú Florence ní Ítálì. 1217 ni wọ́n dà á kọ, ìdajì ìwé náà péré ni ó sì kù. Kò sí àwòrán akọni kankan nínú rẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ti ń ya àwọn ènìyàn inú Shahnama sára ife amọ̀ ní nǹkan bí 1200, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí 1300 kí a tó rí ẹ̀dà ìwé náà tí ó ní àwòrán. Ìyẹn ni pé ó tó 300 ọdún tí ọ̀rọ̀ fi ṣáájú àwòrán. Kò sí ayàwòrán kankan nínú àwọn tí a ó sọ̀rọ̀ wọn tí ó bá Firdawsi láyé, ká má tiẹ̀ wá sọ Rustam.

Ọba àjèjì àti ìtàn onílé

Ní ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn Mongol ya bo ilẹ̀ Páṣíà. Qazvin bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1220, Baghdad ní 1258. Ìran Hulagu, tí wọ́n ń jẹ oyè Ilkhan, ni ó jókòó lórí ìtẹ́ níbẹ̀ títí di 1335. Àjèjì ni wọ́n. Èdè wọn yàtọ̀. Ẹ̀sìn wọn náà yàtọ̀ títí di 1295 tí Ghazan gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ọba tó bá jẹ́ àjèjì a máa wá ìtàn ju onílé lọ. Onílé kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un ibi tí ó ti wá.

Rashid al-Din, olórí ìjòyè Ghazan, ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìdílé Júù ní Hamadan ni wọ́n ti bí i, oníṣègùn ni kó tó di ìjòyè, ó sì ti gba Ìsìláàmù. Ìtàn àwọn Mongol ni Ghazan kọ́kọ́ ní kí ó kọ. Nígbà tí Ghazan kú ní 1304, Uljaytu àbúrò rẹ̀ ní kí ó fi ìtàn àwọn ẹ̀yà ayé yòókù kún un. Jami al-tawarikh, Àkójọ Àwọn Ìtàn, ni wọ́n sọ ìwé náà. Ọ̀nà tí ó gbà ṣe ìwádìí yóò wu àwọn tí ń ṣe lítíréṣọ̀ alohùn nínú wa: ó gbọ́ ti Mongol lẹ́nu Bolad, ìjòyè Mongol kan tí ó ti sin Kubilai ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó gbọ́ ti Íńdíà lẹ́nu Kamalashri, ẹlẹ́sìn Búdà kan láti Kashmir. Ní àdúgbò tí ó kọ́ sí ìlú Tabriz, ó fi owó àti ilẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa da àwọn ìwé rẹ̀ kọ lọ́dọọdún, ẹ̀dà kan ní èdè Lárúbáwá, ẹ̀dà kan ní èdè Páṣíà, kí wọ́n sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ìlú. Wọ́n pa á ní 1318, wọ́n sì kó àdúgbò náà lẹ́rù.

Apá kan ẹ̀dà Lárúbáwá tí wọ́n ṣe nígbà ayé rẹ̀ wà ní Yunifásítì Edinburgh báyìí, pẹ̀lú àwòrán 70. Mahmud ti Ghazna wà nínú rẹ̀. Wọ́n yà á níbi tí ó ti ń wọ aṣọ oyè tí Kálífà Baghdad fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ bí 300 ọdún sẹ́yìn ni lójú ẹni tó ń ya àwòrán náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo fìlà, ẹ̀wù àti ojú àwọn tó yí ọba ká, Mongol ni wọ́n jọ. Ayàwòrán kò purọ́. Ààfin kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ni ó yà. Ìwé ìtàn sì ni èyí o, kì í ṣe ewì akọni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rò pé àwòrán inú ìwé ìtàn ṣeé gbára lé ju ti ewì akọni lọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí.

Hamdallah Mustawfi, ará Qazvin, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Rashid al-Din. A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó fi ẹjọ́ ewì àti ìtàn hàn tó o. Ó bínú pé àwọn adàwékọ ti ba Shahnama jẹ́. Ó fi ọdún mẹ́fà ṣe àfiwé àwọn ẹ̀dà kí ó lè rí ọ̀rọ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó kọ tirẹ̀, Zafarnama, Ìwé Ìṣẹ́gun, ní 75,000 ìlà, tí ó parí ní nǹkan bí 1335. Ìwọ̀n tí Firdawsi lò gan-an ni ó lò. Ibi tí Firdawsi dúró sí, ní ìgbà àwọn Lárúbáwá, ni ó ti gbà á, ó sì gbé e dé orí àwọn Mongol ìgbà tirẹ̀. Ìtàn ìlú rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: bí àwọn Mongol ṣe pa Qazvin run ní 1220, gẹ́gẹ́ bí baba ńlá rẹ̀ kan tí ó ṣojú rẹ̀ ti rò ó. Ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà sọ nínú ilé di ìlà ewì lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ki Rustam. Ṣé ewì akọni nìyẹn, àbí ìtàn ìlú?

Adàwékọ kan ní Shiraz fún wa ní èsì tirẹ̀. Ẹ̀dà Zafarnama kan wà ní ilé-ìkàwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n dà kọ ní 1405. Ní àárín ojú ìwé ni ó kọ ìtàn Mustawfi sí. Ní etí ìwé, yí i ká, ni ó kọ Shahnama sí, èyí tí Mustawfi tún ṣe. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà yóò rí Mongol láàrin, yóò sì rí Rustam àti àwọn ọba àtijọ́ tí wọ́n ṣe ọgbà yí wọn ká.

Shahnama Ńlá ti àwọn Mongol

Ní nǹkan bí 1330 sí 1335, nígbà Abu Sa'id, Ilkhan tó kẹ́yìn nínú àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n ṣe ẹ̀dà Shahnama tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ńlá. Ó jọ pé Tabriz ni wọ́n ti ṣe é. Ìlà 31 ni ó wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, ní òpó mẹ́fà. Ìyẹn ni pé ojú ìwé tí kò ní àwòrán gba ìlà ewì 93. Àwòrán bí 58 ni a mọ̀ pé ó kù nínú rẹ̀, nínú iye tí àwọn onímọ̀ fojú dá sí nǹkan bí 200.

Ohun tí wọ́n yàn láti yà ni ó yẹ kí á kíyè sí. Ikú àti ọ̀fọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹni tí oyè tọ́ sí àti ẹni tí kò tọ́ sí pọ̀ níbẹ̀, Iskandar náà sì pọ̀ níbẹ̀. Iskandar yìí ni Alẹkisáńdà ọba Gíríìkì tó ṣẹ́gun Páṣíà. Nínú Shahnama, kì í ṣe àjèjì: Darab ọba Páṣíà ni baba rẹ̀, ọmọ ọba Gíríìkì ni ìyá rẹ̀, Dara tí ó sì bá jà jẹ́ ọmọ baba rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ onílé wà nínú aṣẹ́gun. Ẹ lè ronú bí ìtàn yìí ṣe máa dùn tó létí àwọn ọba tí baba wọn gun ẹṣin wọlé láti òkèèrè. Wọ́n ya Iskandar níbi tí ó ti ń fi ẹṣin onírin tí iná ń sọ jáde lẹ́nu rẹ̀ kọlu Fur ọba Hind. Àwòrán yìí wà ní Yunifásítì Harvard. Wọ́n yà á pẹ̀lú níbi tí wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí. Ìyá rẹ̀ dojú bo pósí, àwọn obìnrin na ọwọ́ sókè, ọ̀pá fìtílà ńlá dúró, àtùpà rọ̀ sókè bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ ibojì ọba Mùsùlùmí. Iskandar ti gbé ayé, ó sì ti kú, ju 900 ọdún lọ kí Ìsìláàmù tó dé. Àwòrán yìí wà ní Washington. Nínú òmíràn tó wà ní New York, wọ́n ń gbé òkú Isfandiyar, tí Rustam ta lọ́fà lójú, lọ sílé baba rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé pósí ń fa irun wọn tu. Lókè, àwọn ẹyẹ ń fò bí wọ́n ti ń yà wọ́n nílẹ̀ Ṣáínà.

Oleg Grabar àti Sheila Blair ni wọ́n kọ́kọ́ fi àlàyé kíkún hàn, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1980, pé àwọn àwòrán wọ̀nyí ń sọ ti ààfin Mongol. A gba èyí. Abolala Soudavar lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ ní 1996: ó ní a lè so àwòrán kọ̀ọ̀kan mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó nínú ìtàn àwọn Mongol. Iṣẹ́ ọlọ́pọlọ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa fà sẹ́yìn níbẹ̀. Ogun, oyè, ikú ọmọ àti ọ̀tẹ̀ ìjòyè kò ṣọ̀wọ́n ní ààfin kankan; ẹni tí ó bá fẹ́ rí ìjọra yóò rí i. Pé ayàwòrán fi ojú ìgbà tirẹ̀ wo ewì ni ohun tí àwòrán fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí.

Bí a ti ń ka ojú ìwé náà

Adàwékọ ni ó ń kọ́kọ́ jókòó. Ó ń fi kálàmù àti tàdáà kọ ìlà ewì sínú òpó lórí bébà tí wọ́n ti fi òkúta gbo títí ó fi ń dán, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ayàwòrán. Nítorí náà, ìlà tí ó kẹ́yìn lókè àyè náà kì í ṣe ìlà lásán. Òun ni ó sábà máa ń sọ ohun tí wọ́n ní kí ayàwòrán yà. Bí ìlà tó kù kò bá tó láti kún ojú ìwé kí ó tó kan àwòrán, adàwékọ a máa kọ díẹ̀ nínú wọn ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè gba àyè púpọ̀, kí ìlà tó yẹ má bàa jìnnà sí àwòrán rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá rí ìlà onídàgẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé àwòrán ti súnmọ́ tòsí.

Bí ìlà náà bá sọ pé ọ̀kọ̀ gún àyà, tí àwòrán fi idà tí a gbé sókè hàn wá, ìyàtọ̀ náà ní ohun tí ó ń sọ. Bí ewì kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni tó dúró níbẹ̀, tí àwòrán sì kún fún obìnrin tó ń yọjú lójú fèrèsé, ayàwòrán ni ó pè wọ́n wá. Láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún wá, wọ́n sábà máa ń dé Rustam ní fìlà tí wọ́n fi orí ẹkùn ṣe. Àmì ìdánimọ̀ ni, kí òǹwòran lè tètè mọ̀ ọ́n láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí a ti ń mọ egúngún láti ara aṣọ rẹ̀.

Ó sì ní ohun tí ọ̀rọ̀ kò lè là yéni, àfi kí á mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Aró aláwọ̀ ojú ọ̀run wọn, òkúta tí wọ́n ń gbẹ́ ní Badakhshan ni wọ́n lọ̀ ṣe é, wúrà wọn wúrà gidi ni. Fàdákà gidi náà ni wọ́n fi ń ya omi àti ìhámọ́ra. Fàdákà a máa dúdú bí ọjọ́ ti ń lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé ayàwòrán ya odò dúdú láti fi ìbànújẹ́ hàn, àlàyé rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n odò náà ń dán bíi dígí ní ọjọ́ tí wọ́n yà á.

Ó yẹ kí á fi kún un pé ẹwà kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ péye. Ní 1430, ní Herat, wọ́n parí ẹ̀dà kan fún Baysunghur, ọmọ-ọmọ Timur. Ó wà ní ààfin Gulistan ní Tehran. Ó lẹ́wà dé ibi pé ẹ̀rù a máa bani láti ṣí i. Síbẹ̀ àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ ẹnu Firdawsi gan-an kò gbára lé e, nítorí pé àfikún ìlà ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdajì ìwé ti Florence tí kò ní àwòrán akọni ni wọ́n ń sá tọ̀.

Shiraz

Kì í ṣe ọba ńlá nìkan ni ó ń bẹ̀wẹ̀ fún irú ìwé báyìí. Nígbà tí ìjọba Ilkhan fọ́, àwọn ìdílé tó ń ṣàkóso agbègbè gba ara wọn. Ní Fars, tí Shiraz jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ìdílé Inju ni. Ní 1341 ni wọ́n ṣe Shahnama kan fún Qavam al-Din Hasan, ìjòyè ńlá níbẹ̀. Ilẹ̀ àwòrán pupa àti ìyeyè ni a fi ń mọ iṣẹ́ Shiraz ìgbà náà. Ó yá, kò sì ná owó tó ti Tabriz. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, Ibrahim Sultan, ọmọ-ọmọ Timur mìíràn, jẹ gómìnà Fars. Ó ní kí wọ́n ṣe Shahnama tirẹ̀. Ó tún ní kí Sharaf al-Din Ali Yazdi kọ ìtàn Timur, Zafarnama mìíràn, ní ọ̀rọ̀ wuuru lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀dà alàwòrán tí wọ́n dà kọ ní 1436, ọdún kan lẹ́yìn ikú Ibrahim, fi hàn pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ogun Rustam ni wọ́n gbà to ogun Timur. Bàbá àgbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń rántí ti wọ aṣọ akọni.

Àwọn ewé tí wọ́n fà ya

Ní nǹkan bí 1910, Shahnama Ńlá ti àwọn Mongol bọ́ sọ́wọ́ Georges Demotte, oníṣòwò ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris. A gbọ́ pé kò rí ẹni san iye tí ó ń bèèrè lórí odidi rẹ̀. Ó tú ìwé náà, ó sì ń tà á ní ewé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ewé kan ní àwòrán lójú méjèèjì. Bí ó bá tà á bẹ́ẹ̀, owó àwòrán kan ni yóò gbà. Ó ní kí wọ́n bó bébà náà sí méjì bí ẹni bó èèpo, kí wọ́n sì lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ewé mìíràn. Àwòrán bàjẹ́ níbẹ̀. Èyí tó burú jù fún iṣẹ́ tiwa ni pé wọ́n lẹ àwọn kan mọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ìlà tó wà lókè àwòrán, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun ni atọ́nà wa, ti di èké ẹlẹ́rìí. Kí àwọn onímọ̀ tó lè sọ ibi tí ewé kan wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní láti máa ka ìlà, kí wọ́n máa fi wé odidi ewì, kí wọ́n sì máa lọ láti ìlú dé ìlú: Washington, New York, Paris, Dublin, Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ àwọn tó ń ṣe ìwé ìdánwò. Bí ẹ bá fi àwòrán láti inú ìwé àfọwọ́kọ síwájú akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ìlà ọ̀rọ̀ tó bá a rìn sí i ní ìtumọ̀, ẹ sì kọ ọdún tí wọ́n yà á sábẹ́ rẹ̀. Kí ìbéèrè má jẹ́ pé "Báwo ni àwọn ọmọ ogun Iskandar ṣe ń múra?" Kò sí ẹni tó lè fi àwòrán yẹn dáhùn rẹ̀. Kí ó jẹ́ pé: kí ni ayàwòrán fi kún ọ̀rọ̀, kí ni ó yọ kúrò, ta ni ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dáhùn ìwọ̀nyí ti dáhùn ìbéèrè ìtàn tàbí àròsọ kọjá ibi tí a bi í dé.

Ìwé kejì tí ó fara gbá a ni Shahnama ti Shah Tahmasp, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Tabriz ní nǹkan bí 1522. Ewé 759 ni, àwòrán 258. Tahmasp fi ta Selim Kejì, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì, lọ́rẹ ní 1568, ìwé náà sì pé títí tí ó fi dé ọwọ́ ìdílé Rothschild ní Yúróòpù. Ní 1959 ni Arthur Houghton, ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà, rà á, tí ó sì tú u. Ó fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York ní àwòrán 78 ní 1970. Láti 1976 ni ó ti ń ta àwọn mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kú ní 1990. Ní 1994 ni ìjọba Ìráànì fi àwòrán obìnrin kan tí Willem de Kooning yà, tí ó wà ní Tehran tí wọn kì í fi han ènìyàn, ṣe pàṣípààrọ̀ fún ohun tó kù: àwòrán 118, àwọn ewé ọ̀rọ̀ àti èèpo ìwé. Àwòrán tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó dára jù nínú rẹ̀, Gayumars lórí òkè pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú awọ ẹkùn, iṣẹ́ ọwọ́ Sultan Muhammad, kò bá wọn lọ. Wọ́n ti tà á ṣáájú. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Aga Khan ní Toronto ni ó wà, nígbà tí àwọn ewé ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ wà ní Tehran.